Àpò Wo Ni Owó Náà Yóò Ti Jáde? Àlàyé lórí Ìjà Òṣèlú Amẹ́ríkà nípa Ìtọ́jú Àwọn Ológun Àtijọ́

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn sẹ́nétọ̀ 84 ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà dìbò pé kí ìjọba máa tọ́jú àwọn sójà tí èéfín olóró ti ba ara wọn jẹ́ lójú ogun, àwọn 14 péré ló sì ta kò ó. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje, nígbà tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ìgbà náà, àbádòfin yìí kan náà tún padà dé iwájú wọn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá, síbẹ̀ àwọn 55 péré ló fọwọ́ sí i nígbà tí ó nílò 60 kó tó lè tẹ̀ síwájú. Àwọn Democrat, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjì tó wà níbẹ̀, fi igbe ta pé àwọn Republican, ẹgbẹ́ kejì, ti dalẹ̀ àwọn tó fi ẹ̀mí wọn wewu fún orílẹ̀-èdè. Àwọn Republican ní irọ́ gbuu ni, pé àwọn kò kọ ìtọ́jú sójà, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan nínú ìṣirò owó rẹ̀ ni àwọn kọ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ láti òkèèrè yóò rò pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń purọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí olóṣèlú kan ní Amẹ́ríkà tó máa dìde ní gbangba pé kí wọ́n má tọ́jú sójà àtijọ́, nítorí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti sọ ipò rẹ̀ nù nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni àpò tí owó yóò ti jáde, àti ọwọ́ tí owó náà yóò bọ́ sí, bóyá ọwọ́ ilé ìwòsàn ìjọba ni tàbí ti aládàáni. Ìbéèrè méjì yìí ni mo fẹ́ tú palẹ̀, èkínní ni mo sì máa pẹ́ lé lórí jù, nítorí òun ni àwọn oníròyìn máa ń fò dá.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ilé-iṣẹ́ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ológun àtijọ́, tí tọmọdé tàgbà níbẹ̀ ń pè ní VA, ti wà láti ọdún 1930, ọdún 1989 ni olórí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó nínú ìgbìmọ̀ Ààrẹ. Ó ń san owó oṣooṣù fún ẹni tí iṣẹ́ ogun ti ṣe léṣe, ó ń bójú tó itẹ́ òkú àwọn ológun, ó sì ń tọ́jú aláìsàn. Apá ìtọ́jú yìí kì í ṣe ètò adójútòfò tó kàn ń san owó fún dókítà ẹlòmíràn. VA fúnra rẹ̀ ló ni ilé ìwòsàn, bí 170 ni wọ́n, pẹ̀lú ibùdó ìtọ́jú kéékèèké tó lé ní 1,000, òun náà ló sì ń san owó oṣù dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn apòògùn. Àwọn ènìyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ló forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí ìlera ti jẹ́ òwò àwọn aládàáni, VA ni ètò tó tóbi jù nínú àwọn tí ìjọba ti ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe látòkèdélẹ̀, èyí sì jẹ́ ìdí kan tí àwọn olóṣèlú fi ń fi ojú tó yàtọ̀ síra wò ó: fún àwọn kan, ó jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tí ìjọba lè ṣe fún gbogbo ènìyàn, fún àwọn mìíràn, ó jẹ́ ẹ̀rí pé ìjọba kò mọ ilé ìwòsàn ń darí.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ti wọ aṣọ sójà rí ni wọ́n ń tọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n pín àwọn tó forúkọ sílẹ̀ sí ìsọ̀rí mẹ́jọ. Ẹni tí VA bá gbà pé iṣẹ́ ogun ló fa àìsàn rẹ̀, tí wọ́n sì fún un ní ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òṣùwọ̀n àbùkù ara, ìsọ̀rí kìíní ni yóò wà, kò sì ní san nǹkan kan. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí owó tó ń wọlé fún un sì pọ̀, ẹ̀yìn ni yóò wà, wọ́n sì lè má gbà á rárá. Nítorí náà, gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́ ìbéèrè kan: ṣé iṣẹ́ ogun ló fa àìsàn yìí, àbí òun kọ́? Ẹni tí wọ́n bá dá a lóhùn pé òun kọ́ lè padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà ju bí a ti rò lọ. Láàárín 2009 sí 2016, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI, tí wọ́n fi ń gba àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè kan tí wọ́n nílò, èdè Yorùbá sì wà nínú ìwé orúkọ àwọn èdè náà, pẹ̀lú Haúsá àti Ígbò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà mìíràn tó ní ìwé ìgbélùú tún gba ọ̀nà ti gbogbogbòò wọlé. Àwọn tó bá gba ibẹ̀ jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tàbí mẹ́jọ ti di ológun àtijọ́ lójú òfin Amẹ́ríkà, kódà bí wọn kò bá tíì pé ogójì ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sórí èéfín náà. Ní àwọn àgọ́ ológun Amẹ́ríkà ní Ìráàkì àti Afganísítáànì, kò sí ẹni tó ń wá kó pàǹtírí. Wọ́n á gbẹ́ kòtò fẹ̀fẹ̀, wọ́n á da gbogbo ìdọ̀tí sí i, wọ́n á rọ epo ọkọ̀ òfuurufú sí i, wọ́n á sì ṣáná sí i. Ike wà níbẹ̀, táyà wà níbẹ̀, bátìrì, ìdọ̀tí ilé ìwòsàn, ìgbẹ́ ènìyàn pàápàá. Ní àgọ́ Balad ní Ìráàkì, ohun tí wọ́n ń sun lójúmọ́ ju 100 tọ́ọ̀nù lọ nígbà tí ogun gbóná. Àwọn sójà ń sùn nítòsí rẹ̀, wọ́n ń sáré ìdárayá àárọ̀ nínú èéfín dúdú náà, nígbà tí wọ́n sì padà sílé, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró àti àrùn jẹjẹrẹ tí kì í sábà mú ọ̀dọ́. Beau Biden, ọmọ Joe Biden tó jẹ́ Ààrẹ nígbà tí òfin yìí jáde, wà lára àwọn tó sìn ní Ìráàkì. Àrùn jẹjẹrẹ ọpọlọ ló pa á ní 2015, bàbá rẹ̀ sì ti sọ ọ́ léraléra pé òun fura sí kòtò wọ̀nyẹn. Heath Robinson, ọmọ ogun kan láti ìpínlẹ̀ Ohio, kú ní 2020 nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ òfin tí à ń sọ yìí, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí PACT Act.

Ibi tí bàtà ti ń ta àwọn sójà wọ̀nyí lẹ́sẹ̀ ni ẹ̀rí. Kí òfin yìí tó dé, ẹni tó bá ní jẹjẹrẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé kòtò báyìí, ní àgọ́ báyìí, ní ọjọ́ báyìí, ló fa jẹjẹrẹ báyìí. Ta ló fẹ́ rí ìwé irú bẹ́ẹ̀? Kò sí ẹni tó ń ṣe àkọsílẹ̀ atẹ́gùn tí sójà kọ̀ọ̀kan mí símú. Nítorí náà, VA ń da ìwé ìbéèrè wọn nù, ti àwọn tí wọ́n kọ̀ sì pọ̀ ju ti àwọn tí wọ́n gbà lọ fíìfíì. Ohun tí PACT Act ṣe ni pé ó gbé ẹrù ẹ̀rí náà kúrò lórí aláìsàn: bí o bá ti sìn ní ibi báyìí láàárín ọdún báyìí, tí o sì ní ọ̀kan nínú àwọn àìsàn tó lé ní ogún tí òfin kà sílẹ̀, ìjọba gbà pé iṣẹ́ ogun ló fà á, ọ̀rọ̀ parí. Irú ìlànà yìí kì í ṣe tuntun. Òun náà ni wọ́n lò ní 1991 fún àwọn tó ja ogun Vietnam, tí wọ́n fín oògùn apewé olóró Agent Orange lé lórí. PACT Act tún fi ẹ̀jẹ̀ ríru kún àìsàn àwọn ará Vietnam náà, ó sì sọ ọdún márùn-ún tí ẹni tó ti ojú ogun bọ̀ ní láti fi forúkọ sílẹ̀ di mẹ́wàá.

Ohun tó bá kan mílíọ̀nù ènìyàn yóò ná owó. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ìṣúná ilé aṣòfin fi hàn pé owó tuntun tí òfin yìí yóò ná tó nǹkan bíi 280 bílíọ̀nù dọ́là láàárín ọdún mẹ́wàá. Bí ẹ bá fara balẹ̀, ẹ ó rí i pé kì í ṣe 280 bílíọ̀nù yìí ni ìjà oṣù Keje dá lé lórí. Iye mìíràn, tó tó nǹkan bíi 400 bílíọ̀nù, ló fa wàhálà, ohun tó sì jọni lójú ni pé kì í ṣe owó tuntun rárá.

Láti yé èyí, ẹ gbọ́ bí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ń náwó. Àpò méjì ni wọ́n ní. Àpò kan wà fún ìnáwó kànńpá: òfin ti sọ pé ẹni tó bá kún ojú òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀, iye yòówù kí wọ́n jẹ́, kò sì sí pé à ń dìbò lọ́dọọdún. Owó oṣooṣù tí VA ń san fún ẹni tó ní àbùkù ara wà nínú àpò yìí. Àpò kejì wà fún ìnáwó ọdọọdún: lọ́dọọdún ni àwọn aṣòfin yóò jókòó, tí wọn yóò fi òdiwọ̀n lé e, tí wọn yóò sì pín in láàárín ilé-iṣẹ́ ìjọba, láti orí ogun dórí ẹ̀kọ́ dórí títì. Owó tí wọ́n fi ń darí ilé ìwòsàn VA wà nínú àpò kejì yìí.

Ẹ wo ẹbí kan tí báńkì ń yọ owó ilé àti owó iná wọn fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, tí wọ́n sì ti fẹnu kò pé ohun tí àwọn máa pín nípàdé ẹbí kò gbọ́dọ̀ ju 100,000 náírà lọ. Oògùn Bàbá ń kó 40,000 nínú rẹ̀, ìyókù ń lọ sí ìnáwó yòókù. Ẹ̀gbọ́n kan wá sọ pé, ẹ jẹ́ kí báńkì máa yọ owó oògùn Bàbá náà, kí ó má baà di pé lóṣù tí a bá bá ara wa jà, Bàbá kò ní rí oògùn lò. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àbúrò kan dáhùn pé: ó dára, ṣùgbọ́n ṣé ìpàdé yóò wá máa pín 60,000, àbí 100,000 náà ló máa wà níbẹ̀, kí ẹnì kan lè fi 40,000 tó ṣí sílẹ̀ ra aṣọ ẹbí? Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí náà. Àwọn méjèèjì fẹ́ kí Bàbá lo oògùn.

Àbúrò inú ìtàn yìí ni Sẹ́nétọ̀ Pat Toomey, ọmọ ẹgbẹ́ Republican láti Pennsylvania. Ohun tó sọ ni pé PACT Act dá àpò kan sílẹ̀ fún èéfín olóró, tó jẹ́ ti kànńpá, àti pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yóò jẹ́ kí wọ́n lè kó nǹkan bíi 400 bílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n ti ń ná tẹ́lẹ̀ nínú àpò ọdọọdún lọ sínú àpò kànńpá, tí àyè yóò sì ṣí sílẹ̀ nínú òdiwọ̀n ọdọọdún fún ohun tí kò kan sójà rárá. Ẹ̀gbọ́n tiwa sì ni Sẹ́nétọ̀ Jon Tester, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat láti Montana, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ológun àtijọ́ nígbà náà. Tirẹ̀ ni pé ìtọ́jú jẹjẹrẹ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó máa bá títì àti afárá du owó lọ́dọọdún, àti pé àwọn aṣòfin tó ń pín owó ló ṣì máa pinnu òdiwọ̀n wọn.

Wàyí o, báwo ni ohun tí wọ́n ti fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ṣe tún padà wá? Gbólóhùn kékeré kan ló fà á. Nínú ìwé tí Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí, ìpín kan wà tó fẹ́ kí VA lè ra àdéhùn iṣẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó bá gbà láti lọ ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko, kí wọ́n má sì gba owó orí lórí owó náà. Òfin ìpilẹ̀ Amẹ́ríkà sì sọ pé ohunkóhun tó bá kan owó orí gbọ́dọ̀ ti Ilé Aṣojú-ṣòfin bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò, Ilé Aṣojú-ṣòfin tún dìbò ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, 342 sí 88, wọ́n sì dá a padà sí Ilé Àgbà fún ohun tí gbogbo ènìyàn rò pé ó jẹ́ ìbuwọ́lù lásán.

Ọjọ́ 27 oṣù Keje ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Àwọn Republican 25 tó sọ bẹ́ẹ̀ni ní oṣù Kẹfà sọ bẹ́ẹ̀kọ́. (Bí ẹ bá wo àkọsílẹ̀ ìbò náà, ẹ ó rí orúkọ Chuck Schumer, olórí àwọn Democrat, láàárín àwọn tó ta kò ó, kò yí padà o, ìlànà ilé náà ló sọ pé ẹni tó wà ní ìhà tó borí nìkan ló lè pè fún àtúndì ìbò, nítorí náà ó mọ̀ọ́mọ̀ bọ́ sí ìhà náà.) Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Schumer àti Sẹ́nétọ̀ Joe Manchin, tí òun náà jẹ́ Democrat nígbà náà, kéde pé àwọn ti fẹnu kò lórí àbádòfin ńlá mìíràn nípa ojú ọjọ́, oògùn àti owó orí, èyí tí àwọn Republican rò pé ó ti kú. Àwọn Democrat ní inú tó bí wọn lórí ìyẹn ni wọ́n wá fi jẹ àwọn sójà níyà. Àwọn Republican ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ Toomey ló yí àwọn lọ́kàn.

Èrò tèmi nìyí. Àríyànjiyàn Toomey kì í ṣe àwáwí. Ó ti ń sọ ọ́ láti oṣù Kẹfà, ó sì dìbò ta kò ó nígbà náà, nítorí náà ẹnu rẹ̀ kò yí. Ṣùgbọ́n àwọn 25 tó tẹ̀lé e ní oṣù Keje ní ìbéèrè láti dáhùn, nítorí ìpín tó ń bí wọn nínú wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fi kún un. Ẹni tó bá ka ìwé náà nígbà àkọ́kọ́ ti rí i. Ẹni tí kò bá sì kà á kò gbọ́dọ̀ máa sọ pé wọ́n tan òun jẹ.

Àwọn sójà àtijọ́ àti àwọn ẹbí wọn kò lọ sílé lẹ́yìn ìbò náà. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé aṣòfin tọ̀sán-tòru, nínú oòrùn gangan àti òjò, àwọn kan nínú wọn ń gbé ẹ̀rọ tó ń bá wọn mí. Jon Stewart, aláwàdà tó ti ń bá wọn jà fún ọdún mélòó kan, dúró níwájú ilé náà, ó sì bú àwọn sẹ́nétọ̀ ní èdè tí n kò lè kọ síbí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, wọ́n gba Toomey láyè láti gbé àtúnṣe rẹ̀ wá fún ìbò: 47 fọwọ́ sí i, 48 kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ 60 ló nílò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìbò lórí òfin fúnra rẹ̀, 86 sí 11, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀. Biden buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 10 oṣù náà.

Ìbéèrè àpò kò parí síbẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba Amẹ́ríkà dé òpin gbèsè tí òfin gbà á láyè láti jẹ, àwọn Republican tó wà ní Ilé Aṣojú-ṣòfin sì fọwọ́ sí àbádòfin kan ní oṣù Kẹrin 2023, 217 sí 215, pé kí wọ́n dá àpò ọdọọdún padà sí ìwọ̀n 2022, kí ó sì máa pọ̀ sí i ní ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Kíá, VA gbé ìwé jáde pé èyí yóò gé ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára owó òun, tí ìbẹ̀wò sí dókítà yóò fi mílíọ̀nù 30 dín, tí òṣìṣẹ́ 81,000 yóò sì pàdánù iṣẹ́. Mike Bost, alága ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ ológun àtijọ́ ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, ní irọ́ ni wọ́n ń pa, nítorí orúkọ VA kò sí nínú àbádòfin náà.

Níbí, ìdajì òótọ́ ló wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Òótọ́ ni pé orúkọ VA kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé kí àpapọ̀ owó dín kù, tí ó sì tún ṣèlérí pé òun kò ní fọwọ́ kan owó ogun, ó ti fi ẹrù náà lé àwọn yòókù lórí. Ìdá 22 yìí jẹ́ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá pín ẹrù náà dọ́gba láàárín gbogbo àwọn yòókù. Bí wọ́n bá yọ VA náà sílẹ̀, ẹ̀kọ́, ilé gbígbé àti ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni yóò gbé èyí tó ju 22 lọ. Àwọn Republican kò sọ ẹni tí yóò gbé e, àwọn Democrat sì sọ ọ̀nà kan ṣoṣo bí ẹni pé òun nìkan ló wà. Ní òpin rẹ̀, àdéhùn tí Biden àti Kevin McCarthy, Republican tó jẹ́ olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin nígbà náà, ṣe, tó di òfin ní oṣù Kẹfà ọdún náà, dáàbò bo owó ìtọ́jú VA, ó sì fi 20.3 bílíọ̀nù dọ́là sínú àpò èéfín olóró fún ọdún ìṣúná 2024. Ẹ kíyè sí i pé àpò kànńpá tí Toomey ń bẹ̀rù rẹ̀ ni àwọn Republican fúnra wọn sá sí nígbà tí wọ́n fẹ́ fi hàn pé àwọn kò gé owó sójà.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé àníyàn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa iye owó kò nídìí. Ní 2001, gbogbo ohun tí VA ń ná lọ́dún kò tó 50 bílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tó fi máa di 2023, ó ti wà ní nǹkan bíi 300 bílíọ̀nù. Láàárín àkókò kan náà, iye àwọn ológun àtijọ́ dín kù láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 26 sí nǹkan bíi 18, nítorí àwọn tó ja ogun àgbáyé kejì àti ti Korea ń kú lọ. Àwọn tó kù ń dàgbà, àwọn tó ti Ìráàkì bọ̀ sì ní ọgbẹ́ tí ì bá ti pa wọ́n ká ní ayé àtijọ́ ni. Dókítà gba ẹ̀mí wọn là, ìtọ́jú wọn sì lè gba ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni ti ọwọ́ tí owó ń bọ́ sí. Ní 2014, ó hàn síta pé ní ilé ìwòsàn VA tó wà ní Phoenix, ìpínlẹ̀ Arizona, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi orúkọ àwọn aláìsàn pamọ́ sínú ìwé mìíràn kí ó lè dà bí ẹni pé wọn kò pẹ́ kí wọ́n tó rí dókítà. Ọ̀gá àgbà ti sọ pé ọjọ́ 14 ni kí aláìsàn fi dúró mọ, ẹ̀bùn owó sì wà fún ọ̀gá tó bá mú un ṣẹ; ohun tó tẹ̀lé e kò nílò àlàyé. Àwọn ayẹ̀wéwò rí nǹkan bíi 1,700 ènìyàn tó ń dúró de ìtọ́jú, tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ìdúró gidi. Olórí VA, Ọ̀gágun Eric Shinseki, kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Láàárín oṣù mélòó kan, John McCain tó jẹ́ Republican àti Bernie Sanders tó ń bá Democrat dìbò jọ ṣe òfin kan: ẹni tó bá ń gbé ní ibi tó ju máìlì 40 lọ sí ilé ìwòsàn VA, tàbí tó máa dúró ju ọjọ́ 30 lọ, lè lọ sí ti aládàáni, VA ni yóò sanwó.

Ní 2018, òfin mìíràn tí wọ́n ń pè ní MISSION Act, tó ní orúkọ McCain nínú, wá ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ gbayawu. Ìlànà tí ìjọba Donald Trump gbé kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní 2019 sọ pé bí wíwa ọkọ̀ lọ rí dókítà gbogbogbòò bá ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, tàbí tí ìdúró rẹ̀ bá ju ọjọ́ 20 lọ, aláìsàn lè lọ síta. Sanders dìbò ta ko òfin yìí. Ìdí rẹ̀ ni ohun tí ọ̀pọ̀ Democrat ń sọ títí dòní: gbogbo dọ́là tó bá lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kò ní sí fún gbígba nọ́ọ̀sì sí VA, VA yóò rọ, ìdúró níbẹ̀ yóò gùn sí i, àwọn púpọ̀ sí i yóò sì lọ síta, títí kò fi ní sí ohun tó kù. Àwọn Republican ní sójà kì í ṣe ti VA, VA ló jẹ́ ti sójà, kí ó lọ síbi tó bá wù ú. Lójú tèmi, ẹni tó ń gbé ní ìgbèríko Montana, tó ń wakọ̀ wákàtí mẹ́rin láti lọ ya fọ́tò inú, kò ní ráyè ìjà yìí; ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ láti ìgbà ogun lè dé ọ̀dọ̀ dókítà aládàáni tí kò rí irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ní 2024, ọ̀rọ̀ owó tún kọjú sí ìhà kejì. VA ké gbàjarè pé bí àwọn kò bá rí nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là gbà kí ó tó di ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, owó oṣooṣù àwọn tó ní àbùkù ara lè má jáde lásìkò. Ẹgbẹ́ méjèèjì yára fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tí ọdún ìṣúná parí, ó hàn pé owó tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ VA tó nǹkan bíi bílíọ̀nù márùn-ún. Inú bí àwọn Republican, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi. VA ṣàlàyé pé iye àwọn tó ń béèrè nítorí PACT Act pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kò lè wọn ọ́n dáadáa, pé ó sàn kí owó ṣẹ́kù jù kí ó tán lọ. Nígbà tí Doug Collins di olórí VA lábẹ́ Trump ní 2025, ètò tó kọ́kọ́ jáde ni pé kí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù ní bí 80,000, kí iye wọn lè padà sí bó ṣe wà ní 2019. Lẹ́yìn ariwo tó tẹ̀ lé e, ó kéde ní oṣù Keje pé bíi 30,000 ni yóò lọ, nípa ìfẹ̀yìntì àti ìfiṣẹ́sílẹ̀, láìsí ìdádúró ọlọ́pọ̀ ènìyàn. Ó ní kò ní kan ìtọ́jú. Àwọn Democrat ní nọ́ọ̀sì àti dókítà wà lára àwọn tó ń lọ, a kò sì rọ́pò wọn.

Fún àwọn tiwa tó ti sìn nínú iṣẹ́ ológun náà, àṣìgbọ́ kan ṣì wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ tún ṣe. Ọ̀pọ̀ ló gbọ́ pé àsìkò PACT Act ti kọjá ní oṣù Kẹjọ 2023. Òun kọ́ ni àsìkò tó kọjá. Ọjọ́ tí wọ́n dá nígbà náà wà fún ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ka owó rẹ̀ padà sẹ́yìn títí dé ọjọ́ tí Biden buwọ́ lùwé. Ìwé ìbéèrè fúnra rẹ̀ kò ní gbèdéke. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní VA lè ní kí wọ́n yẹ òun wò lórí èéfín olóró lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí wọ́n sì ti kọ ìwé rẹ̀ kí òfin yìí tó jáde lè gbé e padà wá. Bí ẹni náà bá ti kú, ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ lè béèrè ẹ̀tọ́ wọn lábẹ́ òfin kan náà.